Séfìn Mẹ́ta Péré

"Ìka kékeré yẹn ń sùn," ni Bàbá Cleotha wí. "Jí i."

"Kò sùn, sà. Ó ti kú."

"Kò kú. Ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Tún un gbé lé e."

Verlean Tuggle tún ọrùn gìtá náà gbá mú. Ó to ìka mẹ́rin sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to ẹyin sínú agbọ̀n, ó sì fi àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún fà á wálẹ̀. Okùn méjì dún dáadáa, ọ̀kan ń ha, èyí tó kẹ́yìn ò tilẹ̀ dáhùn. Ajá tó sùn sábẹ́ àga Bàbá Cleotha gbórí sókè, ó wo Verlean, ó dìde, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ ò rí i? Ajá pàápàá ti sá."

"Fi ajá sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbọ́ gìtá nínú ilé yìí, ó ti di alárìíwísí."

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, nínú oṣù keje, ní ìloro ilé Bàbá Cleotha Stamps létí Greenwood, níbi tí oko òwú ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé gan-an. Oòrùn mú débi pé yìnyín inú ife tíì ti yọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó mu ún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Verlean. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń dáná ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì lè din ẹja fún ọ̀ọ́dúnrún ọmọ kí ẹyọ kan má jóná. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní B séfìn yìí ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

"Kí tiẹ̀ ni séfìn yìí gan-an?" ló béèrè. Kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìka ló fẹ́ sinmi.

Bàbá Cleotha mọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ ju ìka ẹlòmíràn lọ. Ó gbé gìtá tirẹ̀ lé itan. "Kọ́ọ̀dù lásán, ohùn mẹ́ta ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ ara wọn. Wọ́n jókòó sílé, wọ́n ti bọ́ bàtà. O gbọ́ ọ? Séfìn ní tiẹ̀, ó mú ẹnì kẹrin wọlé. Ẹnì kẹrin yìí ò ní jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wí pé ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ká lọ síbo?"

"Ibikíbi! B séfìn fẹ́ lọ sọ́dọ̀ E. E séfìn fẹ́ lọ sọ́dọ̀ A. Bí A náà bá gbé tiẹ̀ dé, kò sí ẹni tí ìdí rẹ̀ ń balẹ̀ mọ́. Kí lo rò pé ó ń mú àwọn èèyàn jó?"

"Àwọn tí kò ní ẹnì kẹrin ńkọ́, sà? Ṣé ẹ ò ní kọ́ mi ní ìyẹn?"

Bàbá Cleotha wò ó bí ẹni pé ó bú ìyá òun. "Ọbẹ̀ aláìníyọ̀? Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mo ti fi ń ta gìtá, ọmọ Ozella. Séfìn mẹ́ta péré ni mo fi bọ́ ọmọ márùn-ún. Tún un gbé lé e."

Verlean tún un gbé lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí obìnrin tó ń dáná jẹ́ẹ́jẹ́ ṣe bá ara rẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Nínú oṣù kẹrin ni Arákùnrin Lonzo, tó ti ń ta gìtá fún wa ní Ìjọ Onítẹ̀bọmi Igi Wílò láti ìgbà tí orí rẹ̀ ti dúdú, kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Memphis. Ó fi gìtá ìjọ sílẹ̀ sórí àga rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè gbé e. Ni Díákónì Purvis Gaines bá gbé àpótí ẹ̀rọ orin kan dé. Ẹgbẹ̀rin orin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú dùùrù, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú ohun gbogbo. A kàn máa tẹ nọ́ńbà ni.

Díákónì Purvis kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn fẹ́ràn nǹkan tó bá ń parí lásìkò ni.

Ọjọ́ ìsinmi kejì nínú oṣù karùn-ún ni a dán àpótí náà wò. Ìyá Ozella, ìyá Verlean, ló dìde láti dá orin, torí òun ló ń dá a láti ogójì ọdún. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni. Ìyá Ozella kì í wọ orin bí ẹni ń wọ bọ́ọ̀sì. Bí ẹni ń wọ odò ló ṣe ń wọ̀ ọ́: á kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, á dúró, á mọ bí ó ti tutù tó, kó tó gbé èkejì. Àpótí ò mọ ìyẹn. Ìyá ń bẹ lórí ọ̀rọ̀ kẹta, àpótí ti dé ìlà kejì. Ìyá sáré tẹ̀ lé e, ó pàdánù ibẹ̀, ó tún sáré. Nígbà tó fi máa gbé ẹnu sókè, àpótí ti parí, ó sì dákẹ́ kẹ́lẹ́.

Ìyá Ozella rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó. "Ó yára jù mí lọ," ló wí. "Ọmọdé ni."

A rẹ́rìn-ín sí i. Verlean ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ò dá orin mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó wá dun Verlean dọ́kàn ni pé kò kọrin mọ́ nílé náà. Á bó ẹ̀wà láàárọ̀, á fọ abọ́ lálẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Verlean ò tíì gbé ilé tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á.

Nígbà tí ìjọ ṣèpàdé láti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ àpótí, Verlean dìde.

"Èmi ni n ó máa ta gìtá náà."

Díákónì Purvis bọ́ awò ojú rẹ̀. "Arábìnrin Verlean, ẹ mọ gìtá ta?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi."

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n fún un láyè nìyẹn. Wọ́n ní ó di ọjọ́ Ìpadàwálé, ọjọ́ ìsinmi kẹta nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ máa ń ti Chicago àti Detroit wálé. Kó ta gìtá lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìyẹn ìjọ á dìbò láàárín òun àti àpótí. Ní gbogbo Greenwood, ẹnì kan ṣoṣo ló ku tó lè kọ́ ọ ní oṣù méjì ààbọ̀. Ẹni náà ni Bàbá Cleotha, tó ń ta gìtá ní ilé ọtí ẹ̀yìn ojú irin ní gbogbo ọjọ́ àbámẹ́ta. Kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ogójì ọdún, láti ìgbà tí pásítọ̀ àtijọ́ kan ti ní kó yan ọ̀kan nínú ọjọ́ àbámẹ́ta àti ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́ àbámẹ́ta ló yàn.

"Mi ò ní wọ ibẹ̀ o," ló kìlọ̀ fún Verlean lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Gìtá ni n ó kọ́ ẹ."

"Ta ló pè yín?" ni Verlean dá a lóhùn.

Báyìí ló ṣe ń lọ láti ọ̀sán dé ọ̀sán, torí ilé-ìwé wà ní ìsinmi. E séfìn rọrùn: ìka méjì péré. A séfìn náà, ìka méjì. B séfìn ló jẹ́ ìyà, ìka mẹ́rin, kálukú wọn lórí okùn ọ̀tọ̀. Verlean ń to ìka rẹ̀ sára ọwọ́ ṣíbí ìrokà. Ó ń tò ó sára ìwé orin nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù. Orí ìka rẹ̀ kọ́kọ́ pupa, ó wú, ó bó, lẹ́yìn náà ó yi bí awọ bàtà.

"Vee," ni ìyá rẹ̀ máa ń ké láti yàrá, "kí ni gìtá yẹn ṣe ẹ́ tó o fi ń jẹ ẹ́ níyà báyẹn?"

"Mo ń kọ́ ọ ni, Mà!"

"Òun lo ń kọ́ àbí ìwọ ló ń kọ́?"

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní ìparí oṣù keje, ní ìloro Bàbá Cleotha, ìka kékeré náà jí. Kò sí ohun tí Verlean ṣe tó yàtọ̀. Ó kàn gbé ọwọ́ kúrò lórí A, ó gbé e lé B, gbogbo okùn sì dún lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ́, ó ta bí ata. Verlean pariwo. Ó tún un ta. Ó tún un ta. Ajá gbórí sókè, ó wò ó, ó sì tún orí gbé lélẹ̀ níbi tó wà.

"Háà!" ni Bàbá Cleotha wí, ó na ìka sí ajá. "Wọ́n ti gbà ọ́ wọlé!"

Verlean fẹ́rẹ̀ẹ́ má rántí bí ó ṣe wakọ̀ délé. Ó bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná, tó ń bó ẹ̀wà sínú abọ́ ńlá. Ó fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta: E séfìn, A séfìn, ó padà sí E, ó gun B, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún un yí po. Ní ìyípo kẹta, ó gbọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò nínú ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ó ń kùn ún nímú.

Ohùn ìyá ò sí níbi tí gìtá wà. Verlean mú irin kékeré tí Bàbá Cleotha fún un, èyí tí wọ́n fi ń há ọrùn gìtá kí ohùn rẹ̀ lè gòkè. Ó há a sí ojúlé kìn-ín-ní, àlàfo àkọ́kọ́ láàárín àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá, kò bá a mu. Ó há a sí ìkejì. Ibẹ̀ ni ìyá wà. Verlean ta E séfìn níbẹ̀, omijé sì ń bọ́ sórí gìtá, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé kò nu ún.

"Má sunkún sínú ẹ̀wà mi," ni Ìyá Ozella wí. "Ó ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ọjọ́ Ìpadàwálé pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà, abẹ̀bẹ̀ bébà ń jó lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Òórùn adìyẹ díndín àti àkàrà òyìnbó eléso píìṣì ń wọlé láti gbọ̀ngàn ẹ̀yìn, níbi tí a ti tẹ́ tábìlì sílẹ̀ de aago kan. Díákónì Purvis ti gbé àpótí rẹ̀ sórí tábìlì kékeré nítòsí pẹpẹ, ó fi aṣọ funfun bò ó. Níta, lábẹ́ igi, ọkọ̀ Bàbá Cleotha wà níbẹ̀, ó ti yí gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ lòun ń gbà.

Pásítọ̀ mi orí sí Ìyá Ozella. Ìyá dìde, ó di àga iwájú rẹ̀ mú, fìlà eléwé rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó la ẹnu.

*Mo ti rí fìtílà ilé wa lókèèrè…*

Kì í ṣe ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nílé ló ti bẹ̀rẹ̀. Verlean gbọ́ ọ, ó tẹ́tí, ó sún irin kékeré náà sókè ní ojúlé kan, ó sì wọlé bá a. E séfìn. Ìyá dúró lórí "lókèèrè," ó ń fà á, ó ń wò ó yíká. Verlean dúró dè é. Ó ń ta E séfìn, ó ń ta á, kò sáré, kò fà á lọ́wọ́. Nígbà tó wu ìyá láti gbé ẹsẹ̀, Verlean náà gbé ìka, wọ́n sì jọ bọ́ sórí A lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo ta nínú ìjọ. Àwa tí a wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àpótí fi ìyá sílẹ̀ ló pariwo jù.

Ṣé ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e? Orin gbèrú. Ẹgbẹ́ akọrin dìde, ìjọ dìde, àtẹ́wọ́ bọ́ síbi tó yẹ. B séfìn dún bí ẹni tó ti ń dún láti ọjọ́ ayé. Orin rìn dé òpin, pásítọ̀ gbọ́wọ́ sókè, Verlean sì parí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bàbá Cleotha ṣe kọ́ ọ: ó fa E séfìn wálẹ̀ gbọọrọ, ó gbọ́wọ́ kúrò.

Ní ilé ọtí ẹ̀yìn ojú irin, bí orin ṣe ń parí nìyẹn, tí kálukú á lọ gba ọtí. Ṣùgbọ́n ní Igi Wílò, láti ìgbà tí wọn ò tíì bí wa, bí gìtá bá ti wí bẹ́ẹ̀ ní òpin ẹsẹ, ohun tó ń sọ ni pé, ẹ tún un kọ! Ẹsẹ̀ wa mọ̀ ọ́n ṣáájú etí wa. Kò sí ẹni tó jókòó. Ìyá Ozella gbé orin padà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìjọ tẹ̀ lé e.

Verlean ò lóye. Ó bá wọn lọ, ó dé òpin, ó tún fa E séfìn wálẹ̀ gbọọrọ. A tún un kọ. Ó fà á ní ìgbà kẹta, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á kó lè yé wa. Háà, ìyẹn gan-an ló dá wa lágara ìjókòó! Àwọn ará Detroit ti bọ́ sáàárín ọ̀nà, wọ́n ń jó.

Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀. "Arábìnrin Verlean, ẹ parí rẹ̀."

"Pásítọ̀, mo ti parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Ẹ̀yin lẹ ò jókòó!"

Díákónì Purvis dé, ó ń na aago ọwọ́ rẹ̀. Òun àti Verlean jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ilé-ìwé rí, "ẹ̀yin" tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ níjọ sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Verlean, kí lò ń ṣe? Aago kan ti kọjá! Adìyẹ ń tutù!"

"Lọ sọ fún ìyá mi, Purvis."

Purvis wo Ìyá Ozella. Ìyá ti fi àga sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń kọrin bí ọmọ ogún ọdún. Purvis padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Verlean gbójú sókè, ó sì rí Bàbá Cleotha. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di òpó ilẹ̀kùn mú.

"Mi ò kọ́ ẹ bí a ṣe ń délé!" ló ké lórí ariwo wa. "Gbogbo ọ̀nà ni mo kọ́ ẹ, mi ò kọ́ ẹ ní ilé!"

"Ẹ kọ́ mi báyìí!"

"Níbo ni n ó ti rántí? Ó ti pẹ́ tí mo ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn!"

Verlean wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó padà sí E séfìn, ó sì ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ariwo, ó ń wá ẹnì kẹrin tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Eléyìí ti jókòó. Eléyìí náà ti jókòó. Ó dé orí okùn kan láàárín, tí ìka kankan ò sí lórí rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ: ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jẹ́ ká lọ. Ìka òrùka rẹ̀ wà lófo. Ó gbé e lé okùn náà, ní ojúlé kan náà pẹ̀lú ìka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí orin dé òpin, ó fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mí kanlẹ̀. "Àmín," ni a wí, a sì jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ǹṣì ń han lábẹ́ wa. Abẹ̀bẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bàbá Cleotha bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó jọ pé òun gan-an ò mọ bí òun ṣe débẹ̀.

Díákónì Purvis nu ojú, ó ṣí ìwé. "Ọlọ́run ṣeun. Kí a tó lọ jẹun, ìjọ ní láti dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ gìtá, kó dìde dúró kí n lè kà á. Ẹni tó bá fẹ́ àpótí…"

"Purvis."

Ìyá Ozella ni. Òun nìkan ni kò jókòó.

"Mà?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti parí?"

Verlean wo ìyá rẹ̀. Fìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí ìyá, òógùn ti ba atíkè rẹ̀ jẹ́, ojú rẹ̀ sì ń dán. Oṣù mẹ́ta ni Verlean ti ń wá ojú yẹn káàkiri ilé. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń parí orin wàyí. Ó lè parí èyíkéyìí nígbà tó bá wù ú, kò sì sí ohun tó ń kán an lójú mọ́. Ó gbé ìka òrùka kúrò lórí okùn, ìyẹn nìkan, ó sì ta á.

Gbogbo wa dìde.

Díákónì Purvis dúró láàárín wa pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ó wo ìwé, ó wo ìjọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wo Bàbá Cleotha tó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ó fi ìwé há abíyá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ń pa á síbi tí kò yẹ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. A ò tíì dìbò náà títí di òní.